Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Gbọ́ Nínú Fíìmù Íńdíà

"Yára! Yára!" ni ọkùnrin inú tẹlifíṣàn ń ké. Aṣọ funfun rẹ̀ ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀, òjò sì ń dà lé e lórí. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀wà tó ń ṣà. "Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó yára yìnbọn, kí ìyà yìí tán." Lójú ẹsẹ̀, ìbọn dún. Màmá mí kanlẹ̀, ẹ̀wà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró sínú ìkòkò.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ó wá láti Ìbàdàn wá bá wa gbé ní Corduff nílẹ̀ òyìnbó nígbà tí mo wà ní kékeré, kí Mọ́mì lè ráyè lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló kọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ní Yorùbá kíkà, láti inú Bíbélì àti ìwé orin rẹ̀, kí a má bàa dójú tì í ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Tó bá bi wá bóyá a ti yó, àbúrò mi a ní, "We're grand, Grandma," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń sọ pé nǹkan dára. Màmá a fèsì pé, "Pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti gbọ́."

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Phibsborough ni Mọ́mì ti ra fíìmù Íńdíà yẹn fún un. Kò sí ìtumọ̀ kankan nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà Màmá ló ń túmọ̀. Ó ti wò ó rí ní ilé sinimá ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọ̀rẹ́ méjì tó ń jẹun nínú abọ́ kan náà ló wà nínú fíìmù náà. Ọ̀kan jẹ́rìí èké mọ́ èkejì, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, nígbà tó sì jáde, ẹ̀san ló ń wá kiri, títí dé ibi òjò yẹn. Lójú Màmá, ẹni tó yìnbọn kò jẹ̀bi. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wò ó yìí kò wá kí Màmá nígbà tí bàbá àgbà wa kú. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Kò wá lọ́jọ́ ìsìnkú, kò wá lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni Màmá kò ti dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Mọ́mì gbé fóònù sílẹ̀, ó sì wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá.

"Màmá, ọkọ ọ̀rẹ́ yín ti kú o."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Wọ́n ní ìyá náà kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n."

"Nígbà tí bàbá rẹ kú, ta ló kí mi?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká máa dárí jini."

"Mo ti dárí jì í. Mi ò kàn ní kí i ni."

Mọ́mì dìde. Màmá ní kí n bá òun fi fíìmù sí i.

A ti ń dé ibi òjò nígbà tí aládùúgbò wa wọlé wá dá ìkòkò wa padà. Ará Íńdíà ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Òórùn ata àti èròjà ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń bá a wọlé. "Maaji", ìyá ní èdè wọn, ló máa ń pe Màmá. Màmá gbọ́ ọ sí "mà", ó sì máa ń yìn ín pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó jókòó tì wá. Bí ọkùnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Màmá túmọ̀ bó ṣe máa ń túmọ̀, èmi náà sì sọ ọ́ fún obìnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sọ pé kó yára o. Ó ní "yaara" ní èdè àwọn ni ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi, ló ń pè é.

Mo sọ ọ́ fún Màmá bí ìbọn ṣe ń dún.

"Ọ̀rẹ́ ló ń pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó sì yìnbọn pa á?"

Ó ní kí n pa tẹlifíṣàn. Ó dúpẹ́ ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó ké sí Mọ́mì nínú kíṣìnnì: "Gbé fóònù yẹn wá."

Nítorí etí Màmá, a tẹ fóònù náà kó máa sọ̀rọ̀ síta. Ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Màmá tẹ̀ síwájú sí fóònù náà.

"O kú ará fẹ́ra kù," ni Màmá wí. "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Ẹkún ni a kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ohùn náà ní, "Nígbà tí tìrẹ kú, ohun tó fà á tí mi ò fi—"

"Mi ò bi ọ́," ni Màmá wí, jẹ́jẹ́. "Ṣé o ti jẹun?"

"Oúnjẹ ò lọ."

"Lọ bù ú wá. Mo wà níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jókòó sí pálọ̀ wa ní Corduff, tí a ń gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tó ṣe, Màmá ní, "Ṣé ò ń jẹ ẹ́ àbí ò ń wò ó?"

"Mò ń jẹ ẹ́. Ìwọ obìnrin yìí, ìyọnu rẹ ò tíì dín!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìró nu ojú.

Àwọn méjèèjì ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa báyìí. Mo bi Màmá lẹ́ẹ̀kan rí kí ló dé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi wá nígbà náà. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìdáríjì, mo sì dúpẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn àlàyé ni mí. Tí èèyàn bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń fẹ́ gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀ kí ọkàn mi tó rọ̀.

Arábìnrin kan wà ní ìjọ wa, tí a jọ ń kọrin, tí kò yọjú sí mi nígbà tí mo bímọ. Ó dùn mí gan-an. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó dá mi dúró níta lẹ́yìn ìsìn, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ti la ẹnu láti sọ ohun tó fà á. Mo gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.