Ẹ̀mí Mímọ́ Ló Bá A Kọ Ọ́

Búrọ́dà kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jahi, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé makirofóònù fún un, àdúrà lẹ máa fi gbà á padà. Òun ló ni orin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Ẹsẹ kìíní nìkan ló kọ. Èmi ni mo kọ ẹsẹ kejì, èmi ni mo kọ ègbè, èmi náà ni mo gbé ohùn òkè tó wà níparí, tí ọ̀fun fi ń dùn mí bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́nà ọ̀fun.

Kò pẹ́ tí orin jáde tí ilé iṣẹ́ rédíò kan gbé e sórí àtẹ àwọn orin ìyìn tó ń mókè, tí wọ́n máa ń kà láàárọ̀ Sátidé. Mo ń dín dòdò, mo ń retí orúkọ mi. Ẹ má rò pé ògo lásán ni mò ń wá. Orí àtẹ yẹn ni àwọn tó ń wá olóhùn tó máa bá wọn kọrin ti máa ń mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kò kọrin rí nìyẹn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pe orúkọ búrọ́dà, ó wá fi kún un pé, "Featuring Holy Spirit!"

Dòdò jóná.

Mo pe búrọ́dà lórí fóònù. Ó ní nígbà tí òun ń gbé orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bi òun pé ta ló bá òun kọ ọ́, òun ò sì lè parọ́.

"Búrọ́dà, ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ló wọkọ̀ lọ sí sítúdíò ní Apo? Ṣé òun ló làágùn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn?"

"Sístà, ẹ rọra. Àbí ẹ fẹ́ máa bá Ọlọ́run du ògo ni?"

"Ṣebí orúkọ tiyín wà níbẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́ fún Ọlọ́run?"

Ó ní kí n lọ gbàdúrà sí ìbínú mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: kò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹlẹ́ran ara kankan mọ́ tòun. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ta ni mo sì fẹ́ fẹjọ́ sùn? Wọ́n á ní mò ń bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà.

Nígbà tí orin náà gba ipò kìíní, búrọ́dà ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀ wá. Ó kọ ẹsẹ tiẹ̀, ó dijú, ó nawọ́ sókè. Ẹsẹ kejì dé. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo gbé Bíbélì lé itan. Atẹdùrù tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi.

"Kai, Sístà, àbí ẹ ti sùn ni?"

Mo ń wo òkè àjà, bí ẹni tó ń retí olórin gan-an látọ̀run. Pásítọ̀ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wa, ó kígbe, "Halelúyà!"

Òógùn bo búrọ́dà. Ó lajú, ó wo àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀, ó wò mí. Ló bá fẹnu sún mọ́ makirofóònù, ó pe orúkọ mi, ó pe ti bàbá mi mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sístà, ẹ wá kọ ibi tiyín."

Ibi tèmi! Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Mo dìde, mo kọ ọ́, torí orin náà ò kúkú ṣẹ̀ mí.