Ilé Bàbá Mi Lórí Kòtò Kùsà

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé máàpù náà fún mi. Bàbá tó bí i lọ́mọ ṣe akọ̀wé níléeṣẹ́ ìwakùsà kan ní Bukuru, nítòsí Jos, láyé àwọn òyìnbó. Iléṣà ló ti wá, kò sì padà mọ́. Nígbà tó kú, àpótí páànù kan ló fi sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni máàpù yìí wà, wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n fi ọ̀rá wé e.

Bàbá mi ní, "Wọ́n ní o ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà. Fi ti bàbá mi náà sí i, káwọn ọmọ rẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ gidi la wá ṣe nílùú yìí."

Lóòótọ́ ni mò ń ya máàpù. Ní yàrá mi ní Àpáta nílùú Jos, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá máa wo àwòrán Jos tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, màá fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká, màá kọ orúkọ sí títì tí kò ní orúkọ. Máàpù náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo ayé ló jọ ń yà á. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe é náà, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ nìyẹn.

Mo ya fọ́tò ìwé náà, mo gbé e sínú ètò yẹn. Ó wá kù kí n wá àwọn ibi tó wà lórí ìwé tí wọ́n ṣì wà títí dòní: ibi tí ojú irin ti gé títì kọjá, afárá kan, òkè olókùúta kan tó dá dúró. Bí mo ṣe ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìwé náà ń nà, tó ń yí, títí tó fi tẹ́ lé ìlú òní lórí rẹ́gí. Mo mú kó fẹ́lẹ́, kí n lè máa rí àwọn òrùlé lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì bàbá bàbá mi ni mò ń wá. Abúlé Du, lẹ́bàá Bukuru, ni ojú mi bọ́ sí.

Du ni ilé àwọn òbí mi wà. Ìgbà tí bàbá mi fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ ọ. Mo mọ òrùlé náà dáadáa, èmi ni mo yà á. Àárín kòtò ló bọ́ sí. Wọ́n ti fi ìlà wẹẹrẹ kun kòtò yẹn lórí ìwé, bàbá bàbá mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lédè òyìnbó pé wọ́n ti kó kùsà ibẹ̀ tán, pé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi dí i.

Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tọ́ka sí ibòmíràn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e lọ síbi táwọn tó ń lo ètò náà ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wá àṣìṣe mi. Obìnrin kan, n kò mọ ìlú tó wà, fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àṣìṣe wà, àmọ́ kò ju fífẹ̀ yàrá kan lọ. Kòtò náà sì fẹ̀ ju ilé mẹ́ta lọ. Ó kí mi kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Du. Ìyá mi ń ṣa òkúta lára acha, ọkà wínníwínní kan tó fẹ́ sè. Bàbá mi wọ awò ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn nígbà tó rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí òrùlé náà.

"Ilé ta nìyí?"

"Ilé wa ni, Bàbá."

"Nínú kòtò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni àpótí yẹn wà lọ́jọ́ tí mo ra ilẹ̀ yìí."

Ìyá mi ní, "Haba! Ilé tí a ti ń gbé láti ọjọ́ yìí?" Àmọ́ mo rí i tó wo ẹ̀yìn kíṣìnnì, níbi tí ògiri ti sán, tí bàbá mi ti fi sìmẹ́ńtì dí i lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi ní, "Ó dáa. Kọ̀ǹpútà rẹ ti sọ ibi tí kòtò wà. Kí ló wá ní ká ṣe?"

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé.

A pe bíríkìlà àgbà kan láti Bukuru. Ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, ó wo ibi tó sán, ó ní, "Sai haƙuri, Baba, àfi sùúrù. Ohun tó wà nísàlẹ̀ jìn ju ibi tí sìmẹ́ńtì lè dé." Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kòtò kò sí lọ́wọ́ àwọn. Èkejì ní kí n padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà ti kú, oko lásán làwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Mo bẹ àwọn òbí mi kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, bàbá mi ní òun kò lè fi ilé òun sílẹ̀ kóun wá máa bá ọmọ du bẹ́ẹ̀dì.

Nínú òjò ọdún tó tẹ̀lé e, ilẹ̀ kíṣìnnì rì wọlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ìta ni ìyá mi wà, ó dúpẹ́ títí. Ó ní kò dún rárá, òun kàn rí i pé ilẹ̀kùn ti dagun. Ògiri ẹ̀yìn ya kúrò lára ilé. Wọ́n kó ìkòkò wá síwájú, yàrá méjì tó wà níwájú ni wọ́n ń gbé báyìí.

Mo ti ya gbogbo kòtò tó wà lórí ìwé náà sórí máàpù ọ̀fẹ́ wa, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè rí i. Lọ́jọ́ kan ní Du, mo rí ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ nínú ọ̀kan nínú wọn. Mo kí i lédè Hausa, mo fi fóònù mi hàn án. Ó wò ó pẹ́.

"Ìjọba ló rán ẹ?"

"Rárá."

"Ta ló wá rán ẹ?"

Kò bínú. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ó ti kan páànù.

Tí òjò bá ti ń ṣú báyìí, bàbá mi á pè mí. Á ní, "Bá wa wo ilẹ̀ yìí lórí kọ̀ǹpútà." Màá ṣí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ojú ọ̀run tó wà níbẹ̀ ti pẹ́, kíṣìnnì ṣì wà lára ilé nínú rẹ̀, ohun gbogbo tọ́. Màá sọ fún un pé n kò rí nǹkan kan.