Baba Onísípíkà Dán Ohùn Wò

Kí iṣẹ́ tó parí ní pápá ìṣeré, Baba Onísípíkà gbọ́dọ̀ dán gbogbo sípíkà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́bẹ̀ wò, nítorí bí iná bá sọ, ohùn inú wọn ni yóò darí èrò jáde. Láyé ọjọ́un, òun a máa ka sáàmù sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì máa rìn láàárín àga. Níbi tó bá ti gbọ́ ọ ketekete, a gbé fìlà sókè. Níbi tí ohùn kò bá ti já gaara, a nà gbalaja sórí àga bí ẹni tó sùn. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, a ní, "Àbúrò, ìwàásù rẹ mà ń kun èèyàn lóorun."

Ẹ̀gbọ́n ti kú. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Baba gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, síbẹ̀ àìsàn náà gbé e lọ. Látìgbà náà, bó bá kúnlẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni tó ń bá ẹ̀rọ tí kò níná sọ̀rọ̀.

Lónìí, ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sórí àga òkè lọ́hùn-ún láti bá a gbọ́ ohùn. Baba ka sáàmù tán, ìyàwó ò mira. Ó tún un kà, bákan náà ni. Ló bá gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá wọn, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ kúkú ní kí n wá gbọ́ ni, ẹ ò ní kí n ṣe nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àmì fìlà yẹn rí, fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Baba kò rí ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi kú, ṣùgbọ́n ó wá yé e pé ẹni tí kò ṣe àmì kankan lè ti gbọ́ gbogbo rẹ̀; ó kúnlẹ̀ láàárín àga níbẹ̀, ó gbàdúrà, ó sì pẹ́ kó tó dìde.