Ègbè Tó Ṣáájú Orin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Màmá, máa ń pa àlọ́ fún wa, ó sì ní òfin kan. Ọmọ tó bá ti gbọ́ àlọ́ náà níbòmíràn gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́, kó má ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún àwọn yòókù. Kò sì sí bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè fara pamọ́. Màmá á kàn lé orin inú àlọ́ náà, á fà á, á dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí á ti gbè é kó tó kan ègbè. "Ìwọ," Màmá á wí, "ta ló pa á fún ọ?" Gbogbo wa á sì yíjú sí onítọ̀hún bí ẹni tó ti jẹ nínú ẹran tí a kò tíì pín.

N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn máa wúlò fún mi nínú mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì Mayesbrook, lẹ́yìn tí irun orí mi ti ń funfun.

Àwa mẹ́ta ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la lọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ la sì ti kọ́kọ́ gbọ́ àwọn òyìnbó olórin rọ́ọ̀kì kan. Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wa ló fi kásẹ́ẹ̀tì wọn ta wá lọ́rẹ nígbà tó ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan, ọmọ mẹ́ta. Ibi tí òfin tiwa ti wá nìyẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá gbọ́ orin wọn tuntun. A jọ máa gbọ́ ọ ni, tàbí kí a má gbọ́ ọ rárá. Ayé tú wa ká, ayé tún kó wa jọ sí ìlà oòrùn London níbí, òfin náà sì bá wa wọ bàálù. Iṣẹ́ wa yàtọ̀, ìjọ wa yàtọ̀, àwọn ọmọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn. Ohun tó kù tó jẹ́ ti àwa mẹ́ta nìkan nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì jẹ́ ọmọ Èkìtì, nọ́ọ̀sì ni, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Ìkejì ń wa bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni olórí akọrin ní ìjọ aláṣọ funfun wọn, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń háyà ní Becontree Heath. Olórí Akọrin la máa ń pè é.

Inú mọ́tò mi la ti ń gbọ́ orin. Ìyàwó mi kò fẹ́ ariwo gìtá nínú ilé. Ìyàwó ará Èkìtì ní ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ kò mọ́. Ti ìyàwó Olórí Akọrin, kí n má tilẹ̀ dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí a ti rò pé ó tán lára àwọn bàbá olórin náà, a gbọ́ pé wọ́n tún ti ṣe àwo tuntun. Inú mi dùn bí ọmọdé. Sátidé tó jáde gan-an la fẹ́ pàdé, àmọ́ Olórí Akọrin bẹ̀ wá lórí fóònù.

"Ẹ fún mi láyè," ó wí. "Ìkórè wa ti dé tán, mo ń kọ́ àwọn akọrin lójoojúmọ́."

A fún un láyè. Nígbà tí Sátidé kejì pé, ó tún bẹ̀ wá, a tún gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dúró dè é. Níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá ti dárúkọ àwọn olórin náà lórí rédíò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń gbà lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì mí, orin náà ń jò jáde ní etí rẹ̀. Mo dìde, mo lọ dúró níbòmíràn. Mo ń dán bàtà wò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Barking nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí sípíkà. Mo bọ́ bàtà ọlọ́bàtà sílẹ̀, mo sá jáde, n kò tíì di okùn bàtà tèmi.

Níkẹyìn, Sátidé wa dé. Òjò ń rọ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ gun orí koríko wá láti inú adágún odò bí ẹni pé páàkì náà ti di tiwọn. Ará Èkìtì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú ọ̀rá. Olórí Akọrin wà lẹ́yìn, ibi tó máa ń jókòó sí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Orin àkọ́kọ́ parí.

"Ohùn bàbá yìí ti gbẹ," ará Èkìtì wí. "Ó dà bí ẹni tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

"Kò gbẹ," Olórí Akọrin dáhùn. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Gbọ́ bó ṣe ń jẹ́ kí ìlù ṣáájú òun."

"Ìlù wo? Ẹ̀rọ nìyẹn. Níbo ni wọ́n gbé onílù wọn sí?"

"Àgbà ti dé sí i."

"Ta ni àgbà kò dé sí nínú wọn? Ẹni tó bá ọ jìyà láti èwe, o wá fi ẹ̀rọ pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé apá ń ro ó. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìlù ọkùnrin yẹn ni mo máa ń fi ìka lù lórí tábìlì ní kíláàsì títí tíṣà á fi lé mi jáde. Mo ní wọn ì bá tilẹ̀ ti sọ fún wa pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ má tíì dájọ́," Olórí Akọrin wí. "Ẹ jẹ́ kó dé ìdajì. Ó máa yí padà."

N kò béèrè bó ṣe mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin kan wọlé pẹ̀lẹ́. Gìtá kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú bàbá arúgbó náà tó ń lé e bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Ó fà á, ó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, láti ẹ̀yìn mi, Olórí Akọrin gbè é. Ohùn tó yẹ gan-an ló fi gbè é, ó sì gùn bó ṣe yẹ. Kó tó parí ni àwọn olórin tó wà nínú àwo wá dé, tí wọ́n ń gbè é bákan náà.

Mo wo dígí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ga sókè láti mú àwọn akọrin wọlé, ó wá rọra ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo pa á.

"Kí ló dé?" ará Èkìtì bi mí.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló jáde lẹ́nu mi. "Ta ló pa á fún ọ?"



"Mo ti gbọ́ ọ," Olórí Akọrin wí.

"Níbo?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀pà há ará Èkìtì lọ́fun. "Ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ yẹn?"

"Kí àwọn akọrin tó dé ni. Sípíkà ibẹ̀ dára."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Mi ò kà á."

"Ìkórè tó o tìtorí rẹ̀ bẹ̀ wá ńkọ́?" mo bi í.

"Ìkórè wà lóòótọ́."

"Àwa ń dúró dè ọ́."

"Mo mọ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ooru kúrò lára gíláàsì fèrèsé. "Àwo tó ṣáájú èyí, orin kejì kò tíì parí tẹ́ ẹ ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ibí yìí ni mo jókòó sí, mò ń bá yín rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín yín ni mò ń gbọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ràn èyí kí ẹnu yín tó kàn án."

"O ò ṣe sọ pé ká má rẹ́rìn-ín?" mo bi í.

"Ẹ̀ bá fi ìyẹn náà rẹ́rìn-ín."

Ará Èkìtì bú sẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ara rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Bó bá jẹ́ ojúkòkòrò ló mú un ni, ǹ bá ti dárí jì í kí ẹ̀pà tó tán. Ta ni kò mọ ojúkòkòrò? Ṣùgbọ́n àwa gan-an ló sá fún. Èmi ń sá fún rédíò, mò ń sá fún ọkọ̀ ojú irin, kí n lè gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀. Òun ń sá fún èmi kó lè gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀rín tó ti ń bá wa rín ní ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò, ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún odò lọ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ kò yà fún un, òun ló yà fún wọn.

"Ṣé ká gbọ́ ìyókù?" ará Èkìtì bi mí, ó ti na ìka. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo gbé e délé.

Ìkórè wọn kọjá, n kò lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olórí Akọrin pè mí.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ìyókù?"

"Rárá."

"Èyí tó gbẹ̀yìn," ó wí, "onílù yẹn padà wá síbẹ̀. Ìlù nìkan ló kọ́kọ́ wọlé. Mo mọ̀ pé inú rẹ máa dùn."

Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú àwo yẹn tí ì bá bá mi lójijì, nínú mọ́tò mi, pẹ̀lú òun lẹ́yìn mi, ẹnu rẹ̀ náà ló tún ti ṣáájú ìlù yẹn dé etí mi.