Bí Àpáta Wá-jẹ-ẹ́ Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀

Ní kékeré mi, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì tuntun tí àwọn àgbà ṣì ń ṣèèṣì pe ara wọn ní ará Oǹdó, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo ń gbé lóko wa, lójú ọ̀nà tó ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìgbàrà-Odò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gun àpáta ibẹ̀ lọ ya fọ́tò, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́.

Àpáta náà tẹ́jú bí ẹní. Orí rẹ̀ ni gbogbo obìnrin abúlé ń sá láfún sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó ni ín. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gba oko kòkó tó yí àpáta náà ká. Oko ò tó o. Ó ní òun jogún àpáta náà pẹ̀lú, ẹni tó bá fẹ́ sá nǹkan síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá tọrọ àyè. Àwọn yòókù lọ tọrọ. Ìyá bàbá mi kò lọ. Ó ní òun ti ń sá láfún níbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó lè gbé ọkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a bá a níbẹ̀ tó ń gbá láfún wa sínú igbó. Gbogbo ohun tí a bó, tí a rẹ, tí a fún, ó ń gbá a lọ bí ẹni ń gbá ìgbẹ́ adìyẹ, kò tilẹ̀ wo ojú wa.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá bàbá mi níyàwó, "ọkọ mi" ló ń pe ọkùnrin yìí, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Lọ́jọ́ náà, ó pe orúkọ àbísọ rẹ̀ ketekete lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ṣé òkúta ló wù ọ́? Wá jẹ ẹ́."

Ọkùnrin náà gbé ìgbálẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ nà á. Ìyá bàbá mi ò yẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọjà. Bí ọkùnrin náà bá ń kọjá, àwọn obìnrin á máa bi ara wọn bóyá àpáta ti jinná. Wá-jẹ-ẹ́ di orúkọ ibẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá ń fi júwe ọ̀nà. Ó gbé ẹjọ́ lọ sáàfin, wọ́n ní àwọn ò lè de ẹnu ìlú. Òun àti ìyá bàbá mi ò kí ara wọn mọ́ títí ó fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, oko ni ìyá bàbá mi lọ, ó lọ sá láfún.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo bá ọmọ ọmọ ọkùnrin náà, tó jẹ́ tíṣà, lórí àpáta pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé àwọn baba òun lawọ́ débi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àlejò wá jẹun. Mo dá a dúró, mo sọ bó ṣe rí gan-an.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé."

Mo ní kó kọ́kọ́ dá láfún wa padà.

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, ẹni bá ṣe ìkà, ìlú á fi orúkọ sàmì síbi tó ti ṣe é. Ẹ̀yin ti òde òní, ẹ̀rín lẹ fi ń bo gbogbo nǹkan, ẹ ní àlàáfíà ni. Irọ́ ni. Ọ̀nà oko wa ṣì pín sí méjì: ìdílé wọn ń gba ọ̀tún, àwa ń gba òsì, a kì í sì í kí ara wa.