Àtíbàbà Tí A Pa fún Ọkọ̀ Bàbá Mi

Àwọn ẹbí wa ní Sakété fi ẹnu lásán pa bàbá mi, wọ́n sì gbé àga baálé tí ó tọ́ sí i fún àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó kú yìí wà ní Pobè, ara rẹ̀ le koko, ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ìwé oníyanrìn họ ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì ń bú mi pé mi ò mọ irin dì mú. Inú ṣì ń bí mi di òní. Ṣùgbọ́n n kò lè ro ẹjọ́ yìí kí n má sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, bí mo bá sì ti rántí ọkọ̀ náà, ìbínú mi á rọ̀ díẹ̀, á dà bí gààrí tí omi kàn.

Mo rántí ìgbà tí ọkọ̀ náà kò ju ilé adìyẹ lọ. Báṣè ni, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń fi aṣọ tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi, òun ni bàbá mi fi ń kó gààrí àti àgbàdo láti Yoko àti Sakété wá sí Pobè. Ọmọ Sakété ni ìyá mi. Iwájú ọkọ̀ yẹn ni ó jókòó sí, láàárín bàbá mi àti àpò gààrí kan tí kò rí àyè lẹ́yìn, nígbà tí ó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ó máa ń sọ pé àpò gààrí náà ni alárinà àwọn. Nígbà tí ojú bàbá mi kò gbé ìrìn òru mọ́, ó wa ọkọ̀ náà sẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, ìpẹtà sì jẹ ẹ́ títí a fi lè ti ojú ihò ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn rí koríko. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú, nítorí gbogbo àárọ̀ Sátidé ni bàbá mi ń tan án, á jókòó tì í, á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ èémí ọmọ tó sùn.

Nígbà tí baálé agbo ilé wa ní Sakété papò dà, àwọn àgbà ránṣẹ́ sí bàbá mi pé òun ni ó kàn, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò dé e ní fìlà. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ lé ẹ̀kẹ́. Ó ní òun kò ní gun ẹ̀yìn alùpùpù sẹ́mìjáàn wọ agbo ilé bàbá òun bí àlejò tí ń wá ẹni tó máa gbà á sílé. Báṣè ni òun yóò gbé lọ, kò sì gbọdọ̀ rí bí akísà.

Èmi nìyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí kò tíì rí iṣẹ́, mo ti wo fídíò àwọn tóliyé, àwọn tí ń lu ara ọkọ̀ tó fọ́ títí á fi tún gún, lórí fóònù mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má dà á láàmú. Nǹkan tí a lè ṣe fúnra wa ni."

Ó wò mí. "Akọ̀wé, ṣé inú fóònù yẹn náà lo ti máa lù ú?"

Ẹni tí kò bá tíì jó rí ní í sọ pé ìlù dùn ún jó. Mo lu ibi tó tẹ̀ títí ó fi yọ sódì kejì bí ikùn aboyún, bàbá mi sì ní kí n tún ibẹ̀ lù padà kí ó tó bímọ. A gé páànù garawa epo àtijọ́, a fi dí ihò ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, a fi másítíkì, àtè tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn kí ó lè yi, rẹ́ ojú rẹ̀. Mo po ti àkọ́kọ́ lápòjù, ó yi mọ́ igi tí mo fi ń rò ó, ìyá mi sì gba igi náà lọ́wọ́ mi ó fi ń lé adìyẹ jáde nínú ọkọ̀. Nígbà tó kan ọ̀dà, èmi tí mo kàwé ni mo mú àbá wá pé kí a fi pọ́ǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fọ́n oògùn sí oko àgbàdo fọ́n ọn. Pọ́ǹpù náà wú ikọ́, ó sì tu ọ̀dà sí ọkọ̀ lára bí ẹni tí ata há lọ́fun. A tún họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bàbá mi kò bínú. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó ń fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ lára. Àwọ̀ sánmà ni ó fẹ́, irú èyí tó wà lára ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí ó gbé ìyàwó. A po aláwọ̀ aró mọ́ funfun, a kò rí i mú. Ìyá mi ni ó ń bọ̀ láti ìdí ààrò, tí ó dúró, tí ó ní, "Ẹ fi funfun díẹ̀ sí i. Díẹ̀. Ó tó! Òun nìyẹn, Bàbá ọmọ mi." Bí àwọn méjèèjì ṣe wo ọ̀dà inú agolo yẹn, èmi ni mo yí ojú sẹ́yìn.

Àmọ́ ọyẹ́ ni. Eruku pupa ọ̀nà Pobè kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ ní mímọ́. Ẹ̀yìnkùlé há, iwájú ilé ni a wa ọkọ̀ sí. A ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùlé lé e, ìyá mi sì kó àwọn aṣọ funfun rẹ̀ jáde, a ta wọ́n yíká kí eruku má baà wọlé. Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni a ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń fi òòlù kan ìṣó mọ́ àwọn pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá mi sì ń bá wa fi aṣọ nu ara ọkọ̀ pẹ̀lú omi tí a fi ń la ọ̀dà, òórùn rẹ̀ sì mú ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ.

Ọlọ́kadà kan tí ó máa ń gbé gààrí wá fún ìyá mi láti Sakété ni ó dúró níta. Ó rí imọ̀ ọ̀pẹ níwájú ilé, ó rí aṣọ funfun, ó gbọ́ tí wọ́n ń kan pákó nínú ibẹ̀, ìyá mi sì yọ sí i pẹ̀lú ojú pípọ́n. Kò béèrè ohunkóhun. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó sọ àpò gààrí kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì ti alùpùpù rẹ̀ jìnnà kí ó tó tan án. Ìyá mi wọlé, ó ní, "Ọmọ yẹn mà ní ẹ̀kọ́ ilé o!"

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni í túfọ̀ ikú rẹ̀. Kí wọ́n tó túfọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ti gbọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí fóònù ẹnì kankan nínú wa dún. Àwa rò pé wọ́n ń se oúnjẹ ìwúyè ni. Àwọn ará Sakété, tí ọlọ́kadà ti ròyìn ohun tí ó rí fún, rò pé a ń fi òkú pamọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, bàbá mi wọ agbádá, ìyá mi wọlé sí iwájú ọkọ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀bùn tí a kó fún àwọn àgbà. Ọkọ̀ náà ń dán. Búrọ́ọ̀ṣì fi ìlà sí i lára níbí àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó ń dán, bàbá mi sì ń wà á bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí a wọ agbo ilé, obìnrin kan ju awo ọwọ́ rẹ̀ nù, àwọn mìíràn sá wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́, nìkan ni kò sá. Ó tẹ ọ̀pá wá, ó fọwọ́ pa bàbá mi lójú, ó fọwọ́ pa á létí.

"Ọmọ ìyá mi, ṣé ìwọ nìyí, àbí mo ti wá bá ọ níbẹ̀?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ebi ń pa mí. Òkú kì í jẹun."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ti wà lórí àga. Fìlà ti wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, àgbà tó ń ṣe agbẹnusọ ilé ni ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní èjìká. Ó ní a kì í ṣí fìlà baálé lórí láàyè, ó ní ohun tó ṣẹ̀ ti ṣẹ̀, kí bàbá mi fi ọwọ́ wọ́nú. Mo ti ń la ẹnu. Bàbá mi mú mi lápá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ọmọ bàbá mi náà ni." Ó sì gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí iwájú báṣè, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, ó fi wọ́n yí ìlú ká. Arúgbó náà na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń fọwọ́ pa ọ̀dà náà, ó ń bi ìyá mi pé irú àwọ̀ wo ni. Ìyá mi ní, "Ti ọjọ́sí náà ni." Nígbà tí a ń padà lọ sí Pobè, bàbá mi ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ìyá mi wà lórí orúnkún rẹ̀ títí a fi délé.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bàbá mi ṣì wà, ó ti di arúgbó, ó ṣì ń tan ọkọ̀ náà ní Sátidé. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ó kọ ojú sí ọ̀nà Sakété, tí kò sì ní sọ pé ó dùn òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà agbo ilé wa, ẹ̀yin ni mo ń bi. Ta ni ó rí òkú bàbá mi? Àṣà tí kò jẹ́ kí ẹ bi wá bóyá ó kú, báwo ni ó ṣe gbà yín láyè láti dé fìlà rẹ̀ fún ẹlòmíràn? Ọ̀nà Pobè kò jìnnà, kí ló dé tí ẹ kò rán ọmọ kan wá? Nígbà tí ẹ sì rí i tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ló dé tí kò sí ẹnì kan nínú yín, títí di òní olónìí, tí ó tọ̀ ọ́ wá láti sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú"? Mi ò béèrè fìlà padà. Èsì ni mo ń béèrè. Ẹ mú un wá sí Pobè, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ojú bàbá mi, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.