Ọkọ̀ Ẹlẹ́yìn Gígùn Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Òórùn iṣu tuntun àti epo bẹntiróòlù ló máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọkọ̀ bàbá mi. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní Òmù-Àrán ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, nígbà tó sì ń padà sílé, ó tà á fún bàbá mi. Kò tóbi bí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà yòókù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ìjókòó ẹ̀yìn sì ṣeé tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ débi tí èèyàn lè nà gbalaja síbẹ̀. Bàbá mi fi kó iṣu, ó fi gbé aboyún tó ń rọbí, ó sì fi gbé òkú àwọn ará ilé tó kú sí ìdálẹ̀ wálé. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ tí kò gbé.

Nígbà tó kú, ọkọ̀ di tèmi. Mo gbé e lọ sí Ìlọrin, mo tún un kùn, mo fi awọ funfun bo ìjókòó rẹ̀, mo sì sọ ọ́ di òrìṣà. N kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mi jẹ àkàrà nínú rẹ̀.

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣubú, ìbàdí rẹ̀ sì kán. Kò lè jókòó mọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ní ọsibítù Ìlọrin, dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kó padà sí yàrá bàbá rẹ̀ ní Òkè-Onígbìn. Nílé wa, ibẹ̀ ni àgbà obìnrin tó mọ̀ pé òun ń lọ máa ń dùbúlẹ̀ sí, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ súre fún àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ yín nìkan ló lè gbà á ní ìdùbúlẹ̀."

Ìtọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, lórí awọ funfun mi. Àwa tá a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ sì fẹ́ pàtẹ ọkọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti dákú," ni mo wí. "Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ya fọ́tò, mo sì gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i. N ò rántí pé ọmọ Ìyá Àgbà wà lára gbogbo ayé.

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá Àgbà kú, lórí ibùsùn ọsibítù. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò pariwo mọ́ mi. Ó ní àwọn ti rí ọkọ̀ akóṣu kan tí yóò gbé e lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ti tẹ́ fóòmù sí i. Ìgbà náà ni òun rí fọ́tò mi. Inú bí òun, òun sì fi han ìyá òun.

"Inú wọn dùn, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ọkọ̀ àbúrò àwọn ti yá, pé ẹ ń bọ̀ wá gbé àwọn. Wọ́n ní ká dá ọkọ̀ akóṣu padà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi kọjú sí ilẹ̀kùn."

Èmi ni mo fi ọkọ̀ náà gbé òkú rẹ̀ dé Òkè-Onígbìn. Àwọn ọmọ ilé tó yẹ kó súre fún dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ mí, mo ń gbé e. Àwọn ará ilé máa ń yìn mí, wọ́n ní mo jọ bàbá mi. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò títí wọn yóò fi sọ ọ́ tán.